Ibi Tí Béèsì Ti Ń Dún

                                        Ṣọ́ọ̀bù Sípíkà Ọkọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n ti ń fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eyín àbíkẹ́yìn yín tó ká ti hù? Àwa náà wà dáadáa. Ariwo ṣì ni iṣẹ́ mi, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Láti oṣù kẹrin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, tí ẹ ń pè wọ́n kí ẹ lè dágbére, tí wọ́n sì kọjú sí ògiri, Màmá nìkan ni ẹ ń kí lórí fóònù. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Télọ̀ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹ̀yìn òun ni béèsì, ohùn orin tó rinlẹ̀ yẹn, ti ń dún, bí ẹni pé wọ́n ti ẹnìkan mọ́ inú bọ́ọ̀tù. Iwájú ló fẹ́ kí orin máa ti wá. Mo gbé àwọn sípíkà kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, torí ohùn tín-ín-rín ni etí fi ń mọ ibi tí orin wà. Àpótí béèsì ńkọ́? Inú bọ́ọ̀tù náà ni mo fi í sílẹ̀ sí. Béèsì gidi kì í fi ibùgbé rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni etí méjèèjì ń gbọ́ ọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lára bọ́ọ̀tù ló ń tú àṣírí rẹ̀. Mo fi fóòmù tẹ́ ẹ lẹ́yìn, mo dè é pinpin, ó bá dákẹ́.

Bí mo ṣe ń parí rẹ̀ ni Bàbá àti Màmá yà kí mi. Mo ní kí àwọn àti télọ̀ wọ ọkọ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n nàka síbi tí béèsì ti ń dún. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Ẹ mọ Màmá, wọ́n fa Bàbá lápá wọ inú ọkọ̀. Mo tan orin. Màmá nàka sí dáṣíbọ́ọ̀dù, télọ̀ náà nàka síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó rọra nàka síwájú. Mo ṣí bọ́ọ̀tù, mo fi àpótí hàn wọ́n. Télọ̀ pariwo pé òun rò pé mo ti gbé e kúrò níbẹ̀ ni.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ ṣì í?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ò lè fi etí mọ̀ ọ́n. Torí pé èmi ni mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni mo ṣe mọ̀."

Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní láti ìgbà àìsàn ọdún tó kọjá ni etí òsì àwọn ti kú. Àwọn ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n àwọn kì í mọ ibi tó ti wá. Bí ẹnìkan bá pe àwọn, ibòmíràn ni àwọn ń wò, àwọn ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì wọ́n, wọn kò sọ fún Màmá pàápàá. Màmá ń sunkún, wọ́n tún ń bá Bàbá jà pọ̀ mọ́ ọn. Èmi náà sunkún, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́.

Bàbá ti gbà láti lọ rí dókítà etí. Wọ́n sì ní kí n kọ èyí sí yín gẹ́lẹ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́: "Sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tó ń pè mí. Ibi tó wà ni mi ò mọ̀. Òun ni mo ń wá lára ògiri. Kí n tó yí padà, ó ti wọkọ̀ lọ."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá dé, apá ọ̀tún Bàbá ni kí ẹ dúró sí kí ẹ tó pè wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í dákẹ́,
Aláriwo.