Mo Sá Wọ Bálùwẹ̀

Ọjọ́bọ̀, Beam Park, Lọ́ńdọ̀nù

Obìnrin òyìnbó tó múlé tì wá kan ilẹ̀kùn lónìí. Mo fi aṣọ wé agogo àdúrà tí mò ń lù láàárọ̀, mo sá wọ bálùwẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé wa ni.

Òfin ìjọba òyìnbó ò gbà kí ẹbí kúùkù gbé àdúgbò wọn ní Ìkòyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi ń se oúnjẹ fún wọn. Abẹ́ ibùsùn ni bàbá mi ń fi mí pamọ́ sí.

Bọ́lá ọmọ mi pariwo: "Bàbá, ẹ jáde o! Obìnrin náà fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní kí ẹ bá òun tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé òun. Ó ní agogo yín ló ń jí òun lọ síbi iṣẹ́."

Ìyá Bọ́lá ìbá fi mí ṣẹ̀sín. Kò sí láyé mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ òyìnbó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti tú aṣọ lára agogo.