Ààrò Ìyá Ràfíù àti Amọ̀ Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Màámi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Bọ̀dá Délé tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín, mo kí wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ má fo ibì kankan, torí mo mọ̀ wọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi Fúnmiláyọ̀ yín wà láàyè, ara mi sì le koko. Inú mi ń dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n máa dá jó nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kan wà lẹ́nu mi fún Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ná. Ẹ ó mọ ẹ̀bẹ̀ náà, ẹ ó sì mọ ìdí tí mo fi gbé e fún ìwé ìròyìn dípò kí n fi í sínú àpò ìwé.

Yàrá kan ni mo gbà ní Akówọ̀njọ. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́sàn-án, ẹ lè yan ẹ̀pà lórí páànù ilé wa. Àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àbẹ̀ní. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi nìkan ni màá jókòó, màá máa bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀. Màámi, ẹ má sunkún, ó ti kọjá.

Owó epo ti dé Èkó, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ léṣìí ti ń wa mọ́tò. Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá tò lórí òkun lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ra àpò méjì péré á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kó tó rí i.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì yìí ló bí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ẹ̀ka méjì ní yunifásítì ló pawọ́ pọ̀. Àwọn ẹnjiníà ń fi ilẹ̀ pupa, sìmẹ́ńtì díẹ̀ àti eérú èèpo ẹ̀kùrọ́ ṣe bíríkì. Ẹ̀rọ kan á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sá a, ẹ̀rọ mìíràn á sì fọ́ ọ kí wọ́n lè mọ bó ṣe le tó. Ẹ rò ó wò, Bàbá: géńdé tó kàwé lókè òkun, kó ṣe bíríkì, kó tún fọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ ọ! Ẹ̀ka kejì ni tèmi, lábẹ́ Dókítà obìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn. Tiwa ni ká máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìkòtún àti Ìgándò, ká béèrè bóyá àwọn èèyàn á fi bíríkì náà kọ́lé. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí kò bá sẹ́ni tó fi í kọ́ ohunkóhun kí òjò tó dé, iṣẹ́ náà á parí síbẹ̀, kí àwa tí wọ́n gbà máa gba ilé baba wa lọ.

Mo gbé bébà àti gègé, mo rìn títí àtẹ́lẹ̀ bàtà mi fi jẹ. Kò síbi tí wọn ò ti fún mi ní àga àti omi tútù. Bí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n á fi bíríkì yìí kọ́lé, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa gan-an, Ọlọ́run á bù sí i. Kò sẹ́nì kan tó ní rárá. Dókítà wo bébà wa, inú ẹ̀ dùn. Ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ṣe bíríkì kó bíríkì ọ̀fẹ́ lọ́rì mẹ́ta dà sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìgándò, pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ewúrẹ́ nìkan ló ń gùn ún.

Ìyá Ràfíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìgándò, ló là mí lójú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kan, ojú mi fà ro. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi nílé tí mi ò fi mọ̀ pé a kì í wí fún àlejò pé ohun tó gbé wá ò wù wá, pàápàá àlejò tó kúnlẹ̀ kí èèyàn. Wọ́n ní àwọn náà wà lára àwọn tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, pé àdúrà làwọn ń ṣe fún mi, àwọn ò gba bíríkì o. Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó yẹ kí n mọ̀! Ṣebí ojú mi náà lẹ ṣe yin iṣu jíjẹrà tí àwọn àna Bọ̀dá Délé gbé wá, tẹ́ ẹ ní ẹ ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo padà sí àwọn ojúlé tí mo ti lọ, ṣùgbọ́n mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ó fẹ́ ẹ. Mo ń béèrè ohun tí àwọn aládùúgbò á sọ bí ẹnìkan bá fi í kọ́lé. Háà, ẹnu tú! Wọ́n ní wọ́n á sọ pé owó ti tán lọ́wọ́ onítọ̀hún. Wọ́n ní àna á bú u pé ilé alámọ̀ tó sá fún ló tún wá kọ́ sí Èkó. Bàbá kan ní ó lè lágbára ṣá, àmọ́ ó pupa jù, jàre. Nígbà tó kan Ìyá Ràfíù, wọ́n ní ilé kọ́ làwọn ń rò, ààrò búrẹ́dì àwọn ni. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í gba iná, ó ń là mọ́ àwọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ààrò ò kúkú ní àna tó máa bú u.

Nígbà tí mo sọ fún Ẹnjiníà, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú tó fi mú bíríkìlà wá. Wọ́n kọ́ ààrò náà, ó rẹwà. Iná àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sí i, bíríkì ò ṣe nǹkan kan, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ ló là káàkiri. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Ẹnjiníà ní ó jọ pé iṣẹ́ ti parí mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yín ló sọ sí mi lọ́kàn, Bàbá, pé amọ̀ ni í mú amọ̀.

Mo bọ́ bàtà. Mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi dé orúnkún, mo fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ lójú Dókítà, lójú ẹnjiníà, lójú gbogbo Ìgándò. Mo gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo tún un tẹ̀, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnjiníà bi mí ìdí tí a fi ń fi í sílẹ̀, mo ní mi ò mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó yọ ìwé jáde, ó ń kọ ọ́! A fi amọ̀ náà tún ààrò kọ́, a fi iná díẹ̀díẹ̀ yá a, a wá dá iná gidi sí i. Kò là. Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, abẹ́ páànù ààrò ni gbogbo wa há sí, a ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Oníbúrẹ́dì mẹ́rin mìíràn ti ní àwọn náà fẹ́, iṣẹ́ wa ò sì ní parí mọ́.

Abẹ́ páànù yẹn ni Dókítà ti bi mí ẹni tó kọ́ mi ní amọ̀ títẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi dé o. Bàbá mi, nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, tí wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ baba mi sínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe ni mo kọ. Ojú ló tì mí láàárín àwọn ọmọ tíṣà àti ọmọ akọ̀wé. Owó amọ̀ lẹ fi rán mi nílé ìwé, mo sì fi amọ̀ náà pamọ́. Ó dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ òjò yẹn, mo sọ ọ́ síta pé mọlémọlé ni bàbá mi, pé òun ló kọ́ mi. Dókítà mú mi lọ síbi tí ìwé náà wà, ó ní kí n fọwọ́ ara mi pa irọ́ náà rẹ́. Gbangba ni mo ti purọ́ nípa yín, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gbangba ni mo ti ń tọrọ àforíjì. Ẹ dárí jì mí.

Ẹnjiníà ní kí n bá òun bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ wá bá wa gbé ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á san owó ọkọ̀. Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ti dé pé kò sẹ́ni tó nílò ọwọ́ yín mọ́. Dókítà àti Ẹnjiníà ń dúró dè yín, Bàbá.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, kẹ́ ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Màámi, ẹ ò ní sọkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àgbà àti ọmọdé, kẹ́ ẹ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀ Àbẹ̀ní, ọmọ mọlémọlé.