Màmá Jẹ́jẹ́: Ọgbọ̀n Ọdún Létí Omi Tó Ń Ru

Ọdún 1938 ni a bí màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Jẹ́jẹ́. Alágbàfọ̀ ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń ránṣọ. Nínú ọmọ mẹ́rin, màmá nìkan ló yè. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló rán wọn níwèé títí wọ́n fi jáde ní yunifásítì.

Ní 1968, màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọpọ́n gíláàsì gbọọrọ kan wà níbẹ̀, tí omi tó ń ru ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó pa rọ́rọ́. Màmá a da aró sí èyí tó ń ru, kí ààlà àwọn méjèèjì lè hàn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: báwo ni omi tó pa rọ́rọ́ ṣe ń di ara èyí tó ń ru? Ìró ẹsẹ̀ lásán lè ba iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan jẹ́, nítorí náà màmá máa ń dá wà níbẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, "Jẹ́jẹ́ o" ni wọ́n fi ń kí i. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Bàbá wa, agégíláàsì tó ṣe ọpọ́n náà, nìkan ló máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1971. Bàbá kú ní 1983. Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, màmá ti padà sídìí omi. Ká má parọ́, ó dun àwa ọmọ.

Ní 1990, wọ́n rí ìdáhùn náà. Àwọn ọ̀gá nínú ìmọ̀ náà gbà pé òyì ńláńlá, omi tó ń yí po, ló ń gbé èyí tó pa rọ́rọ́ mì káló. Màmá rí i pé létí ààlà gan-an ni omi tó ń ru ti ń bu èkejì jẹ díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn olóòtú dá a padà pé aró kò tó ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ní 1998, ilé iṣẹ́ tú ọpọ́n náà, wọ́n sì ń kó àga sí yàrá yẹn.

Ní 2006, àwọn olùwádìí kan tí kò mọ̀ wọ́n rí fi kámẹ́rà rí ohun kan náà. Èyí obìnrin nínú àwa ọmọ gbé ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ wá fún màmá tìbínú-tìbínú.

"Màmá, wọn ò dárúkọ yín."

Màmá kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Wọ́n kúkú rí i. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n kọ lẹ́tà kí àwọn olùwádìí náà kú iṣẹ́. Ọdún kan kọjá kí èsì tó dé: wọ́n ní kí màmá jọ̀wọ́ fi àkọsílẹ̀ ìwádìí tiwọn ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tí màmá sọ nídìí oúnjẹ ju gbogbo èyí tí a gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí bàbá ti lọ.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn nílé ìjọsìn. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ṣe, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Màmá sùn, wọn ò jí, ní 2023. Ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ni wọ́n fi sáyé lọ.

Màmá, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Níbi tí ẹ ń lọ, ẹ ò ní dá jókòó mọ́.