Bàbá, Mi Ò Tíì Kí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mi ò tíì kí yín, ọ̀rọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà láyé ni, ẹ máa ní kí n padà síta, kí n tún ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, ó nídìí. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Èmi tí ẹ̀rù kì í bà! Ẹ bi wọ́n léèrè ní ọjà Òkè Àrin. Ọmọ télọ̀ Ìsàlẹ̀ Gángan, tó fi iléèwé sílẹ̀ ní Prámárì fọ́ọ̀, ló ń kó mílíìkì àti tòmátò alágolo fún àwọn tó ń wá láti Ìbàdàn títí dé Kútọnù. Ṣọ́ọ̀bù mi ti di méjì. Bí kọ́sítọ́mà bá ti yọjú, mo ti mọ iye tó máa san kó tó lanu. Òrùlé yín tó ń jò nígbà ayé yín ńkọ́? Èmi ni mo ṣí i dànù, tí mo fi tuntun bò ó. Ta ni mo wá fẹ́ máa bẹ̀rù? Kọ̀ǹpútà, Bàbá. Kọ̀ǹpútà iléèwé ọmọ mi.

Rọfíà ni mò ń sọ, ọmọ mi tó máa ń jókòó sídìí máṣíìnì yín, tó ń ṣa àjákù òwú. Ó ti dàgbà, ó ti wà ní Prámárì fáìfù. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ní tàámù yìí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ àròkọ sí. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ tán, kọ̀ǹpútà á kà á kí ẹ tó ṣẹ́jú, á wá sọ fún tíṣà pé eléyìí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró, ìyẹn ń sọ ohun tí wọn ò bi í. Bó bá ṣe sọ ọ́ ni tíṣà ṣe máa pín wọn jókòó, ibẹ̀ náà ló ti máa mọ ohun tó máa kọ́ wọn. Mi ò ní kò dáa. Èmi náà máa ń ya ọjà mi sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń kó Rọfíà sẹ́yìn pátápátá. Tíṣà wá pè mí lórí fóònù. Ìdánwò kan ń bọ̀, tí kò bá páàsì, wọ́n máa dá a padà sí Prámárì fọ́ọ̀.

Bàbá, ẹnu ọ̀nà tí èmi gbà jáde nìyẹn o.

Mo gbé páálí mílíìkì kan dání, mo lọ bá tíṣà, ọmọdébìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ kọ̀ǹpútà yín. Kí la lè ṣe fún un?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Alhájà, kì í mu mílíìkì o!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin náà kì í mu ún?"

"Ẹ gbé mílíìkì yín, mà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

"Ọjà tí mo mọ̀ jù" ni wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti kun ti Rọfíà ní pupa láti òkè dé àárín, ó ní gbogbo ibẹ̀ ò kan ohun tí wọ́n bi í. Òyìnbó tèmi ò tó o, tíṣà ló ń kà á, tó ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ohun tó kọ nìyí: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka iṣẹ́ mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ooru. Ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ó kí, ó kí, ó kí títí, kó tó wá dé Òkè Àrin.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí báyìí, mà?"

Mo ní bàbá mi ni. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi tépù kan ara kọ́sítọ́mà láìtíì béèrè àwọn ará ilé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó máa kánjú tó. Rọfíà á sáré wọlé pé òun fẹ́ owó súìtì, ẹ ó ní kó padà síta, kó wá kí yín kó tó béèrè. Lọ́jọ́ tá a gbé yín dé ọsíbítù, èémí ò tó yín, ẹ ṣì ń bi nọ́ọ̀sì pé ọmọ ẹ̀ ńkọ́. Ṣé ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì náà fa àga, ó jókòó tì yín?

Tíṣà ní, "Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó ń kíni ni. Ó kàn rí i pé kò tíì débi ọ̀rọ̀. Ó fi ibi tí mo máa wò hàn mí, èmi ni mi ò wò ó. Ọmọ yín mọ̀ ọ́n kọ, Alhájà. Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ló máa kọ́kọ́ ka ti ìdánwò. Ẹ ní kó máa lọ tààrà."

Mo délé, mo sọ fún Rọfíà. Ó wò mí.

"Ìyá, tí mi ò bá kí wọn, Bàbá àgbà ò ní bínú?"

"Wọn ò ní bínú."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n ni?"

Ẹ rí i? Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ máa bínú?

A jọ fi dánra wò. Bí ìkíni bá ti yọ́ wọlé, mo máa fi agolo lu tábìlì, "Ọ̀rọ̀!" Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ kí mi kí ẹ tó pariwo mọ́ mi." Nígbà tó yá, ó ní, "Tí n bá kí wọn níparí ńkọ́?" Mo pe tíṣà. Òun náà ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe sí i.

Àárọ̀ yìí ló lọ ṣe ìdánwò náà. Orí páálí ọjà ni mo jókòó sí báyìí, ẹ̀yìn páálí míì ni mo ń kọ ọ́ sí. Kọ́sítọ́mà kan dá iye tó wù ú, mo ní kó máa gbé e lọ. Èmi! Ẹnu mi tó ń borí gbogbo ọkùnrin ọjà yìí, kò lè bá kọ̀ǹpútà sọ nǹkan kan. Tó bá dá a padà, ọmọ á sọ pé ìkíni ló ṣe é. Tó bá gbà á, ṣé ọmọ náà máa wọlé lónìí láìkíni, tí á kàn ní òun fẹ́ jẹun? Èwo ni kí n fi ṣe àdúà? Ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Mo ti padà síta, Bàbá, mo ti tún ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ilé tí ẹ wà yẹn ńkọ́? Ìyá mi ńkọ́, ṣé ẹ ti fojú kan ara yín? Èémí yín ńkọ́, ṣé ó ti ń tó yín? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó máa ń di orí tépù mú fún yín, tí kò tíì jù ú sílẹ̀.