Ìyá Ìbejì, Ẹlẹ́nu Wíwọ́ Ti Ń Yé Ẹyin

Ìyá Ìbejì, ọdún mẹ́ta ti gorí ara wọn láìsí rẹ. Èmi ọkọ rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀, wẹ́dà, ajórin tí o máa ń sọ pé kò lè dá adìyẹ mọ̀ yàtọ̀ sí pẹ́pẹ́yẹ. Mo ti dá a mọ̀ báyìí.

Tí adìyẹ bá ti pa ọmọ, o ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kíṣìnnì, o ó máa gbé àwọn òròmọdìyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. O ó na ẹsẹ̀ wọn, o ó ka ọmọ ìka. "Eléyìí máa ya òpìpí, ìyẹ́ ò ní bò ó lára. Eléyìí ní ìka márùn-ún, ẹ wò ó, mẹ́rin làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní." Àwọn tí ẹlòmíràn ń lé dànù ni o máa ń fà mọ́ra: ọlọ́rùn ìhòòhò, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká bí irun orí, èyí tí kò ní ìrù rárá.

Nígbà tí o fi ayé sílẹ̀, ilé pa rọ́rọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin wa ní kí n ta àwọn adìyẹ, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, mo sì gbà.

Òwúrọ̀ tí oníṣòwò adìyẹ fẹ́ wá kó wọn ni adìyẹ dúdú rẹ pa ọmọ. Mo jókòó sórí àpótí rẹ, mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, òkè ẹnu rẹ̀ yà sọ́tùn-ún, ìsàlẹ̀ yà sósì.

Oníṣòwò náà wò ó. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ eléyìí nù. Kò lè ṣa oúnjẹ."

Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ, mi ò ta ìkankan mọ́.

Òótọ́ ló sọ ṣá. Ọmọ náà ń ṣa ilẹ̀, kò rí nǹkan kan he. Mo po oúnjẹ mọ́ omi, mo ń fi ìka tọ́ ọ lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń rù. Mo wá ṣàkíyèsí pé níbi tí oúnjẹ bá ti jìn, ó máa ń fi ìsàlẹ̀ ẹnu bù ú bíi ṣíbí. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gé páànù, mo jó o pọ̀ di agolo tóóró tó jìn, mo fá etí rẹ̀ kó má baà gé e. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Ó jẹ, ó jẹ, ó tún jẹ. Èmi náà bu oúnjẹ tèmi, mo jókòó tì í.

Ṣọ́ọ̀bù ò tì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti parí ilé adìyẹ onírin tí o fi ọdún gbọọrọ bẹ̀ mí fún. Ọmọkùnrin wa ti ríṣẹ́. Ọmọbìnrin wa ti bí obìnrin, ìwọ gan-an ló jọ. Bí wọ́n ṣe gbé e fún mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ nà.

"Bàbá," ni ìyá rẹ̀ wí, "kì í ṣe òròmọdìyẹ o."

A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo wa sunkún.

Ẹlẹ́nu Wíwọ́ ti dàgbà, ó ti ń yé ẹyin. Ó tún ya aláṣejù: kò sí adìyẹ tó lè sún mọ́ agolo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ òdìkejì wa gbé òròmọdìyẹ kan wá. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wò ó, kí là ń pe irú èyí?" Ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọmọ ìka, nǹkan sì yọ kókó lágbárí rẹ̀. Mo yí i síwá sẹ́yìn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n," bí ẹni pé ọjà lo lọ, tí o ń bọ̀. Aránṣọ náà fọwọ́ kàn mí léjìká.

Àárò rẹ ń sọ mí, ìyàwó mi. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ tí o wọlé mi ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ lónìí.