Ibi Tí Òjò Ti Ń Wọlé

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo sì kí àfẹ́sọ́nà yín. Orúnkún Màmá ò dùn wọ́n mọ́. Bàbá ti gba gbọ̀ngàn ìgbéyàwó yín, àmọ́ apá kan rẹ̀ ò ní ògiri.

Ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ tí mo ń kọ́ yìí le, ẹ̀rù sì ń bà mí. Níbi ìpàdé ẹbí, mo ní òjò lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, ká fi tapólì dí apá ibẹ̀. Àbúrò ìyá àfẹ́sọ́nà yín bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó o fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, òjò wo lo mọ̀? Lọ bu omi wá, jàre!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bu omi náà wá.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo òjò tó rọ̀ láti ìgbà náà ni mo lọ wò ní gbọ̀ngàn. Apá tí ò ní ògiri yẹn, níhà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ló máa ń gbà wọlé, ìlà àga kan náà ló sì máa ń rin gbingbin. Mo lè ṣì í ṣírò o, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí n lè jẹ́ ẹni tí yóò pín ìjókòó. Mo ti mọ àga tí màá fún àbúrò ìyá àfẹ́sọ́nà yín.

Ilé yín á tòrò, ẹ ò ní fi ojú sunkún. Tí ẹ bá ń gbàdúrà fún ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mẹ́nu kan òjò.

Èmi àbúrò yín.