Báàjì Inú Àpótí Tábìlì

Èmi, tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí Bàbá Olóòfà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń lé èérún inú átọ́ọ̀mù sáré, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìpín ogún mi yìí. Ara mi kò le, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá jiyàn, kó wá bi mí ní ìṣirò. Lọ́yà mi ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

1. Ilé di ti ìyàwó mi. Òun ló dá kọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ nìkan ni mo ń sùn níbẹ̀. Ìyá ọmọ mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò kàn jókòó tì ọ́ ni.

2. Àwọn irinṣẹ́ mi, títí kan sípánà idẹ tí òòfà kì í fà, di ti ajórin ilé iṣẹ́ wa. Ọdún mẹ́sàn-án la ò fi kí ara wa, nítorí kọfí tó dà sórí wáyà. Mo ní òun ló dà á. Èmi ni.

3. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń sá fún èyí. Báàjì kan wà tí a ń fi sáyà, tó ń ka iye ìtànṣán tó wọ ara wa. Bí iye náà bá kún, wọn yóò lé ènìyàn kúrò nídìí ẹ̀rọ títí ọdún yóò fi yí. Èmi kò fẹ́ kúrò. Nítorí náà, mo máa ń ti báàjì mọ́nú àpótí tábìlì, màá wọlé láìfi í sáyà, màá sì kọ wákàtí tòótọ́ sínú ìwé pupa kan. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó gbé mi dè yìí kò ṣẹ̀yìn ìyẹn.

Ọmọbìnrin mi ló gba iṣẹ́ mi, òun ló ń jókòó nídìí tábìlì náà báyìí. Ẹni bíni là á jọ: lóṣù tó kọjá tí mo lọ kí i níbi iṣẹ́, mo bá báàjì tirẹ̀ nínú àpótí, mo sì bá ìkọ̀wé rẹ̀ nínú ìwé pupa náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí èmi ni mo kọ́ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí i.

4. Àwọn yòókù lè dúró de ikú mi. Èyí kò gbọdọ̀ dúró. Lọ́yà, bí mo bá ti fọwọ́ sí i tán, gbé ìwé pupa náà, tí mo mú wálé tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí mi, lọ fún ọ̀gá tó ń rí sí ààbò nílé iṣẹ́ wa. Má jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ rí mi, nítorí bí mo bá gbọ́ ẹkún rẹ̀, màá yí ohùn padà. Wọn yóò lé e, bóyá títí ayé. Ó lè má wá sí ìsìnkú mi. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ikú lọ. Ṣùgbọ́n kó máa bínú sí mi, kó bínú títí yóò fi hewú.

Ọwọ́ mi nìyí: Bàbá Olóòfà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2019
Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi
Ẹlẹ́rìí: Aládùúgbò mi, télọ̀